Àwọ̀ ewé, ilẹ̀ pupa àti bí Pissarro ṣe ń kun àwòrán níta: ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Olósùnta béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Camille Pissarro, ayàwòrán ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ìbéèrè mi dá lé, kì í ṣe Monet ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Àwa mélòó kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fẹ́ gbé kánfáàsì jáde, kí a kun òkè Olósùnta àti oko abẹ́ rẹ̀ nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, lọ́nà tí òun gbà kun Pontoise àti Éragny ní ilẹ̀ Faransé. Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ti ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ewé. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó bá ti inú túùbù jáde, bí a bá kùn ún bẹ́ẹ̀, ike ló ń jọ. Bí a bá po dúdú mọ́ ọn kó lè rọlẹ̀, ó di ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọ̀dà wo gan-an ló wà lórí pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pákó tó ti ń po ọ̀dà, èwo la sì lè rà lónìí tó lè rọ́pò wọn? Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìjókòó kan ló fi ń parí iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Oòrùn Èkìtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí a tó to ìpìlẹ̀ tán, òjìji ti ṣí kúrò.

Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ bó ṣe ṣe é tẹ̀ lé: ìwọ̀n, ohun èlò, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Àgbà Pálẹ́ẹ̀tì dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹni tó fẹ́ kun oko, Pissarro ló yẹ kó wò ju Monet lọ, torí oko, ọjà, olùkórè àti ọ̀nà abúlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọmọ Faransé ni. Erékùṣù St Thomas ní Caribbean, tó wà lábẹ́ Denmark nígbà náà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1830. Ó bá ayàwòrán Fritz Melbye lọ sí Venezuela ní 1852, ó dé Paris ní 1855, ọmọ ìlú Denmark ló sì jẹ́ títí ó fi kú. Oòrùn ilẹ̀ olóoru kì í ṣe àjèjì sí i rárá.

Ọ̀rọ̀ pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ṣòro, nítorí ó fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1878, ó ya àwòrán oko sí àárín pákó pálẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì fi òkìtì ọ̀dà sílẹ̀ ní etí pákó náà. Clark Art Institute ní Amẹ́ríkà ló wà. Ọ̀dà mẹ́fà ni: funfun, yẹ́lò, pupa, pupa tó fẹ́ di àlùkò, búlúù, àti àwọ̀ ewé. Kò sí dúdú níbẹ̀, kò sí búráùn. Inú mẹ́fà yẹn ni gbogbo àwòrán náà ti jáde.

Ẹ má wá àwọn ọ̀dà ayé ijọ́un gan-an o, májèlé ló pọ̀ nínú wọn. Òjé ló wà nínú funfun wọn. Ẹ lo titanium. Òjé náà ló wà nínú yẹ́lò chrome. Cadmium yellow tó mọ́lẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ "hue" sí lára kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò lágbára tó, ẹ ó sì máa fún túùbù ṣáá. Vermilion ní mákúrì nínú, kí ẹ fi cadmium red light rọ́pò rẹ̀. Fún pupa tó fẹ́ di àlùkò, ẹ ra alizarin tí wọ́n kọ "permanent" sí, torí alizarin lásán máa ń ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á fún ìgbà pípẹ́. Ultramarine tó fún búlúù. Arsenic ni wọ́n fi ń ṣe emerald green ìgbà náà. Viridian ni tiyín. Bó bá jẹ́ phthalo green nìkan lẹ rí, ẹ ṣọ́ra fún un: èyí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ lè yí òkìtì funfun kan padà pátápátá.

Ẹ ra funfun 200 ml, kí ẹ ra àwọn yòókù ní 37 ml. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ tán, torí kò sí àwọ̀ tí kì í wọ̀.

Aláró Adó dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n ti tú ọ̀rọ̀ túùbù palẹ̀. Èmi yóò mú ti ewé.

Ẹ má fi ọ̀dà ewé bẹ̀rẹ̀ ewé. Ẹ po yẹ́lò mọ́ ultramarine, ìwọ̀n yẹ́lò mẹ́ta sí búlúù kan, kí ẹ wá fi pupa tó tó orí ìṣáná sí i. Pupa ló ń mú ewé rọlẹ̀, kì í ṣe dúdú. Viridian yẹn, ibi tí ewé bá ti tutù lójú nìkan ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ sì po ohun mìíràn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó dáadáa: ewé kan kì í ní àwọ̀ kan. Ojú ewé tó kọ sí òkè, ọ̀run ló ń dán lára rẹ̀, nítorí náà funfun àti búlúù ló pọ̀ níbẹ̀, ewé kéré. Ewé tí oòrùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, yẹ́lò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Abẹ́ igi kòkó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, ultramarine àti alizarin ni, kí ẹ fi ewé díẹ̀ kan án. Ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ máa ń pọ́n. Ẹ má fojú fò ó, òun gan-an ni pupa tí ẹ ń wá láàárín ewé.

Ti ilẹ̀ pupa wa le ju ti ewé lọ. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan, Chevreul, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1839 pé bí àwọ̀ méjì tó takora bá jókòó ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa mú èkejì le sí i. Àwọn Impressionist, ẹgbẹ́ ayàwòrán tí Pissarro wà nínú rẹ̀, gbé èyí lò gidi. Ní Pontoise, ilẹ̀ wọn kò pọ́n bí tiwa, wọ́n lè fi pupa díẹ̀ ta ewé jí. Ní Èkìtì, pupa àti ewé ti ń bára wọn jà lójú ilẹ̀ kí ẹ tó ṣí túùbù rárá. Bí ẹ bá kun àwọn méjèèjì bí ojú ṣe rí wọn, àwòrán náà á máa gbọ̀n rìrì. Ẹ yan èyí tí yóò borí, kí ẹ rẹ èkejì sílẹ̀. Fún ilẹ̀ tí oòrùn ń pa: funfun púpọ̀, yẹ́lò, pupa díẹ̀, àti búlúù tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òjìji lórí ilẹ̀ náà: alizarin, ultramarine, funfun. Yóò fara jọ àlùkò, yóò sì yà yín lẹ́nu lórí pálẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bó bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀, ó di òjìji.

Páànù tó ti dípẹtà, ẹ má fi àwọ̀ ilẹ̀ kùn ún. Páànù dagẹ̀rẹ̀, ọ̀run sì ń dán lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi tutù lójú ju ilẹ̀ lọ lábẹ́ oòrùn kan náà. Ẹ fi búlúù àti funfun díẹ̀ sí i.

Ti Olósùnta: òkúta gbígbẹ nínú oòrùn àárọ̀ kì í ṣe eérú. Funfun, alizarin díẹ̀, yẹ́lò díẹ̀, búlúù díẹ̀, títí yóò fi fẹ́ pọ́n. Àwọn ilà dúdú tí omi òjò fà sílẹ̀ lára rẹ̀, ultramarine àti alizarin àti viridian ni kí ẹ fi po dúdú yẹn. Lẹ́yìn òjò, òkúta á ṣú, ṣùgbọ́n ibi tó tẹ́ lára rẹ̀ á máa dán bíi fàdákà, ó sì lè mọ́lẹ̀ ju koríko lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: wọ́n ti gbà lọ́kàn pé òkúta ṣókùnkùn, wọn kò tún wò ó mọ́.

Yára Kùn Ún dáhùn:

Ẹ ń mú un le jù. Àwọn Impressionist kò fọwọ́ kan dúdú rí láyé wọn, ìjókòó kan ni wọ́n sì fi ń parí. Ẹ sáà máa kùn ún kíákíá, kí ẹ gbé e wálé.

Àgbà Pálẹ́ẹ̀tì dáhùn:

Ẹ rọra o, àbúrò. Nínú iṣẹ́ Pissarro ti àwọn ọdún 1860, nígbà tó ṣì ń kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ayàwòrán Corot, dúdú àti búráùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ńṣe ló yọ wọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ìgbà náà ṣọ̀wọ́n lónìí, torí nígbà ogun 1870 láàárín Faransé àti Prussia, àwọn ọmọ ogun Prussia gba ilé rẹ̀ ní Louveciennes nígbà tó ti sá lọ sí London. Nínú nǹkan bí 1500 iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, bí 40 ló kù. Wọ́n tẹ́ àwọn kan sílẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ti ìjókòó kan: àwọn iṣẹ́ kéékèèké, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ńlá, rárá. Ó máa ń padà síbi kan náà ní àkókò kan náà, ó sì máa ń parí àwọn mìíràn nínú ilé. Ẹ wo Gelée blanche ti 1873, àwòrán oko tí yìnyín bo, tó wà ní Musée d'Orsay. Ọ̀dà nípọn lórí ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ àkọ́kọ́ àwọn Impressionist ní Paris, oṣù Kẹrin 1874, oníròyìn Louis Leroy fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdọ̀tí tí wọ́n ha kúrò lórí pálẹ́ẹ̀tì ni. Ìpàtẹ mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ náà ṣe títí di 1886. Pissarro nìkan ni kò pa ọ̀kan jẹ.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ètò iṣẹ́, kì í ṣe ìyára. Ohun tó ń kọ́ àwọn tó kéré sí i nìyí: má ṣe kun igi tán kó o tó kan ilẹ̀. Ọ̀run, ilẹ̀, igi, ilé, gbogbo wọn ni kí ọwọ́ máa kàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì máa tún wọn ṣe títí wọn yóò fi bára mu. Cézanne tó jẹ́ Cézanne, ayàwòrán ńlá, ní nǹkan bí 1872, ó jókòó da ọ̀kan nínú àwòrán Louveciennes tí Pissarro yà kọ kó lè mọ bó ṣe ń ṣe é.

Lórí kánfáàsì 16 sí 20 íǹṣì, ẹ pín in báyìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún: ultramarine tí ẹ fi tọpẹtáìnì là, ẹ fi fa ìlà ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run àti ẹ̀là ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ìṣẹ́jú: ẹ fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo kánfáàsì, kí funfun rẹ̀ tán lójú. Èyí ṣe pàtàkì, torí lórí kánfáàsì funfun gbogbo àwọ̀ ló ń dà bí ẹni pé ó ṣú jù. Ẹni tí kò bá tètè bò ó á máa fi funfun kún gbogbo nǹkan, àwòrán rẹ̀ á sì ràrò bí aṣọ tó ti ṣá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi ẹ̀là kan wé èkejì: èwo ló mọ́lẹ̀ jù, èwo ló gbóná jù. Ọ̀dà tó nípọn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ìgbẹ̀yìn ni.

Ẹ má fa ìlà yí nǹkan ká. Ojú àwa ará Èkìtì ti mọ́ iṣẹ́ ọnà igi, ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà ní British Museum báyìí: ojú ọnà kọ̀ọ̀kan dá dúró kedere. Ọwọ́ wa máa ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kánfáàsì. Pissarro kò ṣe é. Ibi tí àwọ̀ kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ni ìlà tirẹ̀.

Tíṣà Ilẹ̀ àti Ojú Ọjọ́ dáhùn:

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ oòrùn kún un, torí ibẹ̀ ni ìwé àwọn òyìnbó ti ń ṣi wá lọ́nà. Éragny wà ní nǹkan bí dígírì 49 ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì (equator). Ìkẹ́rẹ́ wà ní nǹkan bí 7 ààbọ̀. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kejìlá, oòrùn Éragny kì í ga ju nǹkan bí 17 dígírì lọ. Tiwa á ti tó 59. Nítorí náà, òjìji gígùn wà lọ́dọ̀ Pissarro láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà òtútù, ó sì lè kun ohun kan fún wákàtí mẹ́ta. Lọ́dọ̀ wa, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, oòrùn ti ga ju ti ọ̀sán wọn yẹn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ti oṣù Kẹsàn-án, orí wa gangan ló ń wà lọ́sàn-án. Òjìji igi á kó sábẹ́ igi, Olósùnta á sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú.

Nítorí náà, kánfáàsì méjì ni kí ẹ gbé: ọ̀kan fún aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, èkejì fún aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí àkókò ọ̀kan bá ti pé, ẹ dáwọ́ dúró, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé òjìji kiri. Àwòrán tí òjìji igi rẹ̀ kọ sí ìlà oòrùn, tí ti ilé kọ sí ìwọ̀ oòrùn, kò sí ẹni tí yóò wò ó kí ara tù ú.

Ti ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ má da kùrukùru Pissarro kọ. Omi ni kùrukùru tirẹ̀, ohun tó bá jìnnà á máa fi búlúù hàn. Eruku aṣálẹ̀ ni ọyẹ́. Ohun tó jìnnà á máa ràn sí yẹ́lò àti funfun. Fún òkè Òròlé nínú ọyẹ́ tó le, ẹ lo funfun púpọ̀, yẹ́lò díẹ̀, alizarin díẹ̀, kí búlúù kéré jù nínú wọn. Bí ẹ bá fi búlúù kùn ún, òjò ló máa jọ.

Káfíńtà Kánfáàsì dáhùn:

Ohun èlò nìkan ni tèmi.

Ìpìlẹ̀ kánfáàsì: ìwọ̀n mẹ́rin ọ̀dà emulsion funfun tó dára sí ìwọ̀n kan gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbú, ẹ̀ẹ̀kan ní òró, kí àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fi sánpépà fífẹ́lẹ́ rà á láàárín. Emulsion olówó pọ́ọ́kú máa ń dà bí ẹfun: yóò fa gbogbo òróró inú ọ̀dà mu, àwọ̀ á rọ, nígbà tó bá yá á sì máa bó. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìka gbígbẹ ra á; bó bá fi funfun sí yín lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù kò tó.

Ẹ má fi kẹrosíìnì la ọ̀dà. Ó lè fọ búrọ́ọ̀ṣì, kò burú, bí ẹ bá tún fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀dà, ọ̀rá rẹ̀ kì í tètè gbẹ, á sì jẹ́ kí ojú iṣẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Pẹtiróòlù, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, iná ni. Tọpẹtáìnì fún ìpele àkọ́kọ́, òróró linseed díẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ìpele òkè bá ní òróró tó kéré sí ti ìsàlẹ̀, òkè á gbẹ ṣáájú, á sì là.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo akirílíìkì, ọ̀dà tí a ń fi omi là, nínú ọyẹ́ ó lè gbẹ lórí pálẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó po àwọ̀ kejì, kò sì ní gbà kí ẹ kun tútù lórí tútù. Ó lè wà lábẹ́ ọ̀dà olóróró. Kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀ láé.

Láti gbé iṣẹ́ tútù wálé: kánfáàsì méjì tó bára dọ́gba, ẹ kọ ojú wọn síra wọn, kí ẹ fi ègé igi tó tó íǹṣì kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ dè é. Ọ̀nà yìí náà ló ń dènà eruku. Bí eruku bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Ọmọ Olósùnta dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ojú ọ̀kan nínú wa kì í gba eruku rárá. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ yìí láti inú ilé? Ṣé ó sì yẹ ká fi fáníìṣì sí i tó bá gbẹ?

Aláró Adó dáhùn:

Àìsàn ojú ló sọ Pissarro fúnra rẹ̀ di ayàwòrán ojú fèrèsé. Àpò omijé ojú rẹ̀ ló máa ń wú tó sì ń gba ọyún, afẹ́fẹ́ àti eruku ló sì ń mú un le. Láàárín àwọn ọdún 1890, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì ní Rouen, Paris, Dieppe àti Le Havre. Ní 1897, ó wà ní Grand Hôtel de Russie ní Paris, ó kun Boulevard Montmartre láti ojú fèrèsé kan ní ìgbà mẹ́rìnlá: òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́, òjò, oòrùn, àti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóru. Ti òru yẹn wà ní National Gallery, London. Ó ń bá iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá 1903.

Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ yín wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí Fájuyì ní Adó, kó sì gba àyè lọ́wọ́ onílé. Kó má kọ kánfáàsì sí ojú fèrèsé; kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí oòrùn má bà á lójú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ rẹ̀ á ṣú jù nígbà tó bá gbé e sínú ilé. Láti òkè, ìlà ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run á ga lórí kánfáàsì, títì á sì gba ibi tó pọ̀ jù. Kó fi títì ṣe iṣẹ́ ná, ènìyàn kẹ́yìn. Ẹni tó ń rìn kò ju ẹ̀là búrọ́ọ̀ṣì méjì lọ, orí àti aṣọ; ọ̀kadà jẹ́ mẹ́ta. Òjìji abẹ́ wọn ló ń mú wọn tẹlẹ̀. Bí kò bá sí i, ńṣe ni wọ́n máa ń fò lójú. Kó má sì kun ojú ènìyàn kankan.

Kó má tẹ̀ lé ọ̀nà àmì tótótó tí Pissarro gbà lọ́wọ́ ayàwòrán Seurat láti 1885. Ó fi bí ọdún márùn-ún ṣe é, ó sì fi í sílẹ̀ torí pé ó ń fà á sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kó lè mú ohun tó ń yí padà lójú.

Àgbà Pálẹ́ẹ̀tì dáhùn:

Ti fáníìṣì: Pissarro kò fẹ́ràn rẹ̀, ojú iṣẹ́ tí kò dán ló wù ú, gíláàsì ló sì fẹ́ kí wọ́n fi bo iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, eruku ọyẹ́ àti ooru òjò mú kí gíláàsì bọ́gbọ́n mu, bí ẹ bá ti fi ọ̀pá igi tín-ín-rín sí etí férémù kí gíláàsì má kan ọ̀dà. Bí ẹ bá fẹ́ fáníìṣì dandan, ẹ ra èyí tí kì í dán, kí ẹ sì dúró oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ibi tí funfun bá nípọn lè gbà tó ọdún kan. Ẹ fi èékánná tẹ ibi tó nípọn jù. Bó bá ṣì rọ̀, kò tíì tó. Férémù funfun ni kí ẹ lò, òun náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ti góòlù lọ, torí góòlù máa ń ba yẹ́lò inú iṣẹ́ jẹ́.